Ìdí tí iye fi ń di òdo: ìdáhùn fún àbúrò wa kan ní Under-G lórí ṣẹ́ẹ̀lì

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìwé títẹ̀ àti fọtokọ́pì ní Under-G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Kọ̀ǹpútà márùn-ún ló wà níbẹ̀, Ubuntu ló sì wà lórí gbogbo wọn. Kọ̀ọ̀kan ń kọ iṣẹ́ tí a bá ṣe sínú fáìlì, ìlà kan fún iṣẹ́ kan. Mo kọ script tí á máa ka àwọn ìlà yẹn lálẹ́. Ó ń kà wọ́n lóòótọ́, torí mo rí i tí iye ń gòkè, ṣùgbọ́n tó bá parí, òdo ló ń kọ. Mo kọ òmíràn tó yẹ kó lọ sórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lọ kó fáìlì wá. Ti àkọ́kọ́ nìkan ló ń kó, á sì dákẹ́ láì sọ pé nǹkan kan ṣe òun. Mo ti kọ́ Python díẹ̀, irú èyí kì í ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ta ló ṣe èdè yìí gan-an, báwo ni wọ́n sì ṣe kọ́ ọ tó fi rí báyìí? Kí ló tilẹ̀ dé tó jẹ́ fi ni wọ́n fi ń parí if?"

Àbúrò mi, o ṣeun tó o kọ̀wé. Mo ti ka script méjèèjì. Ibi kan náà ni àìsàn wọn ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wọn ò jọra. Mo lè fún ọ ní oògùn rẹ̀ ní ìlà méjì kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, àmọ́ o béèrè ẹni tó ṣe é àti bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ìbéèrè yẹn sì ni mo fẹ́ràn jù, torí ohun tó ń ṣe ọ́ yìí kì í ṣe àbùkù tí ẹnì kan gbàgbé láti tún ṣe. Bí wọ́n ṣe bí ṣẹ́ẹ̀lì nìyẹn.

Èyí àkọ́kọ́ rèé, mo ti gé e kúrú:

iye=0
cat ise.txt | while read ila
do
  iye=$((iye+1))
done
echo "$iye"

O rò pé iye kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Méjì ni.

Python jẹ́ èdè tó dá dúró. Ó ní variable tirẹ̀, ó ní ìṣirò tirẹ̀, ó lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ láì pe púrógíráàmù mìíràn. Ṣẹ́ẹ̀lì ò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún ni pé kó gba àṣẹ, kó wá púrógíráàmù tí àṣẹ náà ń pè, kó gbé e dìde, kó sì dúró dè é títí á fi parí. cat kì í ṣe ara ṣẹ́ẹ̀lì, grep kì í ṣe ara rẹ̀, ls pàápàá kì í ṣe ara rẹ̀. Fáìlì ni wọ́n, o lè lọ wò wọ́n nínú /usr/bin. Variable, if, while, gbogbo ohun tó mú kó jọ èdè, ẹ̀yìn ni wọ́n dé. Ńṣe ni wọ́n ń so wọ́n mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀.

Èrò pé kí èèyàn kó àṣẹ jọ sínú fáìlì kí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé e ti wà kí Unix, ètò tí irú Ubuntu rẹ tọ ipasẹ̀ rẹ̀, tó dé. Louis Pouzin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ RUNCOM fún ètò CTSS ní MIT ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, òun náà ló sì mú orúkọ shell wá nígbà tí wọ́n ń gbèrò Multics, ètò kọ̀ǹpútà ńlá kan. Lẹ́tà rc tó gbẹ̀yìn .bashrc tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ, ara RUNCOM yẹn ló ti já wá. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dà ọ́ láàmú ní Under-G, Bell Labs, ilé ìwádìí AT&T, ló ti ṣẹlẹ̀, ní New Jersey, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Ní 1969, Bell Labs yọwọ́ nínú iṣẹ́ Multics. Ken Thompson rí kọ̀ǹpútà PDP-7 kan tí ẹnikẹ́ni ò fi bẹ́ẹ̀ lò mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó di Unix sórí rẹ̀. Dennis Ritchie, tí wọ́n jọ ṣe é, ló wá ròyìn bó ṣe rí níbẹ̀rẹ̀. Tí o bá tẹ àṣẹ, ṣẹ́ẹ̀lì á wá púrógíráàmù rẹ̀, á gbé e wọ mẹ́mórì sórí ibi tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sí, òun á sì pa rẹ́. Nígbà tí púrógíráàmù yẹn bá parí, wọ́n á tún lọ gbé ṣẹ́ẹ̀lì tuntun wá láti orí díìsìkì. Gbogbo àṣẹ kọ̀ọ̀kan ló ń pa ṣẹ́ẹ̀lì, tó sì ń jí i.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú fork wọlé. Ẹ̀rọ kan ní Berkeley ti ní irú rẹ̀ ṣáájú, Thompson sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí fork ń ṣe ni pé kó da process (púrógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) tó pè é kọ, kí ẹyọ kan di méjì: òbí á dúró síbi tó wà, ọmọ á gba ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú mẹ́mórì òbí, á wá pe púrógíráàmù tuntun sórí ara rẹ̀. Ritchie ní ìlà assembly 27 péré ló gbà wọ́n láti fi fork sórí PDP-7. Ìlà 27 yẹn là ń bá yí títí dòní.

Ìwọ tó ń ṣe fọtokọ́pì ló yẹ kó yé jù. Tí oníbàárà bá gbé ìwé wá, tí o dà á kọ, tí o wá fi bírò kọ nǹkan sórí ẹ̀dà, ìwé tó gbé wá ò ní yí padà. Bí òbí àti ọmọ ṣe rí sí ara wọn nìyẹn lẹ́yìn fork.

Bí wọ́n ṣe mú fork wọlé báyìí, àṣẹ tí wọ́n fi ń lọ láti fódà kan sí òmíràn kú mọ́ wọn lọ́wọ́. chdir lorúkọ rẹ̀ nígbà náà, cd là ń pè é lónìí. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọn ò ní kúrò lójú kan. Wọ́n ka kóòdù títí, ọkàn wọn ò balẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó wá yé wọn. chdir jẹ́ púrógíráàmù lásán bí àwọn yòókù. Ọmọ ni ṣẹ́ẹ̀lì ń rán láti ṣe é. Ọmọ á yí fódà tirẹ̀ padà dáadáa, á sì kú. Ṣẹ́ẹ̀lì tó dúró dè é ò kúrò níbi tó wà. Ni wọ́n bá gbé chdir wọ inú ṣẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí cd fi jẹ́ ara Bash, ṣẹ́ẹ̀lì tó wà lórí Ubuntu rẹ, títí dòní, tí kì í ṣe púrógíráàmù tó dá dúró.

Òdo tìrẹ náà nìyẹn. Nígbà tí Bash bá rí |, ó ní láti gbé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ó fork lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ kan di cat. Ọmọ kejì gba while rẹ, ó gba iye=0 dání nígbà tó ń lọ, ó kà á ní àkàyé, ó sì kú pẹ̀lú iye tó pé lọ́wọ́. echo tó wà nísàlẹ̀, òbí ló ń bi, òbí ò sì tíì ka ìlà kankan. Kì í ṣe pé iye rẹ padà sí òdo o. Kò kúrò ní òdo rí.

Má gbà mí gbọ́ lórí ahọ́n lásán. Tẹ èyí:

echo $BASHPID
echo ok | while read x; do echo $BASHPID; done

Nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa jáde, torí process ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Má ṣe fi $$ dán an wò. Nọ́ńbà ti òbí ni $$ máa ń sọ kódà nínú ọmọ, á sì tàn ọ́ jẹ.

Bí a ṣe ń yẹra fún un rèé:

iye=0
while IFS= read -r ila
do
  iye=$((iye+1))
done < ise.txt
echo "$iye"

Kò sí pipe (àmì | yẹn) níbẹ̀ mọ́, Bash ò nídìí láti fork, inú òbí ni loop ti ń ṣiṣẹ́. IFS= àti -r wà níbẹ̀ kí read má baà jẹ àlàfo tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà, kó má sì gbé \ mì. Tó bá jẹ́ pé kíkà nìkan lo fẹ́, wc -l < ise.txt ti tó, ṣùgbọ́n mo rí i pé o tún fẹ́ máa ṣírò owó nínú loop yẹn.

Nǹkan kan wà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: tí o bá gbé script rẹ àkọ́kọ́ bó ṣe wà lọ sínú zsh tàbí Korn shell, tí àwọn náà jẹ́ ṣẹ́ẹ̀lì, iye á pé. Ẹ̀gbẹ́ tó kẹ́yìn nínú pipe, inú ṣẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni àwọn yẹn ti máa ń ṣe é. Bash náà ti ní i láti ẹ̀dà 4.2 tó jáde ní 2011, o kàn máa kọ shopt -s lastpipe sókè script ni. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá gé ìlà tìrẹ lọ lẹ̀ mọ́ script tirẹ̀ á gbàgbé shopt, òdo á sì tún jáde.

Pipe fúnra rẹ̀, Doug McIlroy ló ń pariwo rẹ̀ ní Bell Labs láti 1964, pé ó yẹ kí èèyàn lè so púrógíráàmù kan mọ́ òmíràn. Ọdún 1973 ni Thompson tó gbà, òru ọjọ́ kan ló sì fi ṣe é.

Ó yá, script kejì.

while read ero
do
  ssh "$ero" cat ise.txt >> gbogbo.txt
done < ero.txt

Kò sí | níbí, kò sì sí iye tó sọnù. Ẹ̀dà kọ́ ló fa tibí. Ohun kan tí fork kì í dà kọ ló fà á.

Orí PDP-7 yẹn kan náà la ó padà sí. Wọ́n kó àṣẹ méjì sínú fáìlì, ls àti who, wọ́n ní kí ṣẹ́ẹ̀lì ṣe wọ́n tẹ̀léra kó sì da èsì sínú fáìlì mìíràn. Èsì ls wọlé. who dé, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó kọ tirẹ̀ bo ti ls mọ́lẹ̀. Ìdí ni pé àmì ibi tí a kọ̀wé dé nínú fáìlì, ọwọ́ process kọ̀ọ̀kan ló wà nígbà náà. ls mọ ibi tí òun dé, ó sì kú mọ́ ìmọ̀ yẹn. Ni wọ́n bá gba àmì náà kúrò lọ́wọ́ process, wọ́n gbé e sínú tábìlì kan tó jẹ́ ti kernel, ọkàn Unix fúnra rẹ̀, kí òbí àti ọmọ máa jùmọ̀ lò ó. Ọmọ kan á kọ̀wé dé ibì kan, ọmọ tó tẹ̀ lé e á bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun méjì ni kó o fi sọ́kàn nípa fork. Mẹ́mórì, variable àti fódà tí a wà, ẹ̀dà ni ọmọ ń gbà. Fáìlì tó ti ṣí sílẹ̀ kí wọ́n tó bí ọmọ, àmì ibi tí a kà á dé jẹ́ àjùmọ̀lò.

Thompson fi àjùmọ̀lò yìí dá ọgbọ́n kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣẹ́ẹ̀lì rẹ̀, èyí tó jáde ní 1971 àti àwọn tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní if nínú, kò ní while. if àti goto jẹ́ púrógíráàmù lóde, bí cat ṣe jẹ́. Kódà àmì * tí à ń fi wá fáìlì, púrógíráàmù kan tó ń jẹ́ glob ló ń bá a ṣe é. Báwo wá ni goto, tó jẹ́ ọmọ, ṣe máa mú òbí fò láti ìlà kan sí òmíràn? Script ni ṣẹ́ẹ̀lì ṣí síbi tó ti ń gba input, goto sì jogún rẹ̀. goto á sún àmì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì, á máa ka ìlà kọ̀ọ̀kan títí á fi rí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú : àti orúkọ tó ń wá, á fi àmì sílẹ̀ níbẹ̀, á kú. Ṣẹ́ẹ̀lì á ka ìlà tó kàn, láì mọ̀ pé wọ́n ti gbé òun kúrò níbi tí òun wà. Àmì : yẹn ṣì wà nínú Bash lónìí, àṣẹ tí kì í ṣe nǹkan kan ni.

Ohun tí goto mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ni ssh, púrógíráàmù tó ń bá ọ wọ kọ̀ǹpútà mìíràn, ń ṣe sí ọ láì mọ̀. ssh gbà pé ohunkóhun tó bá wà ní input, ó yẹ kí òun kó o ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tó wà lọ́hùn-ún, torí ó lè jẹ́ pé èèyàn ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Input tó jogún lọ́wọ́ loop rẹ ni ero.txt. read ka ìlà àkọ́kọ́, ssh gba mẹ́rin tó kù, ó sì kó wọn lọ. cat tó wà lọ́hùn-ún ò tilẹ̀ wò wọ́n, ise.txt ni o ní kó kà. Nígbà tí read padà wá fún ìlà kejì, àmì ti dé òpin fáìlì. Loop parí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni lè kéde.

ssh -n á wo ọ́ sàn. Kíkọ </dev/null sí ìparí ìlà ssh náà á wo ọ́ sàn. Èyí tí èmi máa ń lò ni pé kí n gbé àkójọ orúkọ kúrò lójú ọ̀nà pátápátá:

while read -r ero <&3
do
  ssh "$ero" cat ise.txt >> gbogbo.txt
done 3< ero.txt

Ẹnu ọ̀nà 3 ni orúkọ àwọn kọ̀ǹpútà ń gbà wọlé níbí, ssh ò sì ní débẹ̀ torí ẹnu ọ̀nà 0 ló ń kà. Ó dára ju -n lọ nítorí pé ssh nìkan kọ́ ló níwà yìí. Ffmpeg, púrógíráàmù fídíò, náà máa ń ka input láì bi ọ́, kò sì ní -n bíi ti ssh.

Bash fúnra rẹ̀ ń ṣọ́ra fún àmì àjùmọ̀lò yìí. Tí read bá ń kà láti inú pipe, báìtì kan ló ń mú lẹ́ẹ̀kan, kó má baà mu kọjá ìparí ìlà kó wá jẹ ohun tí ọmọ kan lè nílò. Tó bá jẹ́ fáìlì gidi ni, á bu púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì sún àmì padà sí ibi tí ìlà parí sí. Ọ̀kan lára ìdí tí while read fi ń falẹ̀ lórí fáìlì ńlá nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ka script rẹ tán kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń kà á bó ṣe ń lọ. Má ṣàtúnṣe script tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ó lè bọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ kó sì ṣe ohun tí ìwọ ò kọ.

Ó kù fi tó ń parí if. Stephen Bourne ló ni ín. Cambridge, níbi tó ti ṣiṣẹ́ lórí compiler ALGOL 68, ló ti wá sí Bell Labs, èdè yẹn sì máa ń fi ọ̀rọ̀ tí a kọ láti ẹ̀yìn parí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀: if di fi, case di esac, do di od. Nígbà tó kọ ṣẹ́ẹ̀lì tó jáde pẹ̀lú Version 7 ti Unix ní 1979, ó gbé méjì àkọ́kọ́ wọlé. Ẹ̀kẹta ò ṣeé ṣe. Púrógíráàmù kan ti ń jẹ́ od tẹ́lẹ̀, èyí tó ń fi báìtì inú fáìlì hàn. Tẹ od sórí Ubuntu rẹ, ó ṣì wà. Bí a ṣe ní done nìyẹn.

Ìfẹ́ ALGOL ò tán lára rẹ̀ síbẹ̀. C ló fi kọ ṣẹ́ẹ̀lì náà, àmọ́ ó kọ́kọ́ fi macro yí C lójú dà:

#define IF if(
#define THEN ){
#define ELSE } else {
#define FI ;}

Ó wá kọ gbogbo iṣẹ́ náà bí ẹni tó ń kọ ALGOL. Àwọn tó kà á lẹ́yìn náà ò mọ̀ bóyá kí wọ́n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí wọ́n sunkún. Ó wà lára ohun tó sún àwọn kan láti dá ìdíje kóòdù C tó ṣòroó kà jù lọ sílẹ̀ ní 1984. Ó tún ní ọgbọ́n mẹ́mórì kan tó le: ṣẹ́ẹ̀lì á kàn máa kọ̀wé lọ títí á fi kọjá ààlà mẹ́mórì rẹ̀, kernel á fi àmì ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí i, á gbá ẹ̀sùn náà mú, á tọrọ mẹ́mórì kún un, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Orí PDP-11 ó dára. Àwọn tó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn rí màbo.

Èmi ò ní bá wọn fi Bourne ṣe yẹ̀yẹ́ o. Òun ló sọ ṣẹ́ẹ̀lì di èdè tí èèyàn lè fi ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú ohun tí ò ń kọ lónìí, for, case, trap, kíkó èsì àṣẹ kan sínú variable, ìlànà tirẹ̀ ni, òun sì ni POSIX, ìlànà tí gbogbo Unix jọ fẹnu kò lé, gùn lé lórí nígbà tí wọ́n fìdí òfin ṣẹ́ẹ̀lì múlẹ̀ ní 1992. Síbẹ̀, if tó gbé wọlé yẹn ò mọ àfiwé. Ohun tí if ń ṣe ni pé kó pe àṣẹ kan, kó wo nọ́ńbà tí àṣẹ náà fi sílẹ̀ nígbà tó parí: 0 jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, nọ́ńbà mìíràn jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. [ tí ò ń kọ lẹ́yìn if, àṣẹ lòun náà. Lọ tẹ ls -l /usr/bin/[ kó o rí i. Bash ti ní tirẹ̀ nínú, àmọ́ fáìlì náà ò kúrò níbẹ̀. Ìdí tí if [$iye láìsí àlàfo fi ń kùnà nìyẹn: àṣẹ kan tó ń jẹ́ [5 ni ò ń wá, kò sì sí i.

Àwọn tó wà láàárín, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Bill Joy ṣe C shell ní Berkeley, èyí tó mú history àti alias wá. David Korn ṣe tirẹ̀ ní Bell Labs, ó sì kéde rẹ̀ ní 1983; ó lágbára, àmọ́ AT&T ló ni ín. Àwọn GNU fẹ́ ṣẹ́ẹ̀lì tí ẹnikẹ́ni lè lò kó sì tún ṣe láì tọrọ àyè, Brian Fox sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Bash fún wọn ní January 1988. June 1989 ló kọ́kọ́ jáde. Chet Ramey, tó wà ní Case Western Reserve University ní Ohio, ló gbà á lọ́wọ́ Fox, òun ló sì ń tọ́jú rẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀dà náà ló tún bí àjálù Bash tó tóbi jù. Ní ti variable, ohun tí òbí lè fi lé ọmọ lọ́wọ́ kọjá ìgbà tó bá pe púrógíráàmù tuntun ni environment, ọ̀rọ̀ lásán sì ni environment lè gbà. Wọ́n fẹ́ kí ṣẹ́ẹ̀lì ọmọ lè jogún function, nítorí náà Bash ń kọ function bí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú () {, ọmọ á sì kà á padà. Àléébù ibẹ̀ ni pé kì í dúró níbi tí function parí sí. Àṣẹ tó bá tẹ̀ lé e, á ṣe é. Ẹni tó bá lè fi ọ̀rọ̀ sínú environment server kan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lè pàṣẹ fún un. Stéphane Chazelas ló rí i, ayé sì gbọ́ ní September 2014. Wọ́n pè é ní Shellshock. Láti 1989 ló ti wà níbẹ̀.

O béèrè bí wọ́n ṣe kọ́ inú rẹ̀. Bash á gba ìlà, á gé e sí ọ̀rọ̀, parser á wo bí àwọn ọ̀rọ̀ náà ṣe so kọ́ra. Bison, púrógíráàmù tó ń bá èèyàn kọ parser, ni wọ́n fi ṣe parser yẹn, Ramey sì ti sọ pé òun ti rò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti fọwọ́ tún un kọ. Kò yà mí lẹ́nu. Nínú ṣẹ́ẹ̀lì, for jẹ́ ọ̀rọ̀ pàtàkì níbẹ̀rẹ̀ àṣẹ, àmọ́ nínú echo for, ọ̀rọ̀ lásán ni. Àwọn ohun èlò bíi Bison ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó ń yí ìtumọ̀ padà bí ipò rẹ̀ ṣe rí.

Lẹ́yìn náà ló kan ibi tí ọ̀pọ̀ script ti ń ṣubú. Bash á kọ́kọ́ fi iye variable àti èsì $( ) rọ́pò wọn, lẹ́yìn náà á tún gé ohun tó jáde sí ọ̀rọ̀ níbi tí àlàfo bá wà, lẹ́yìn náà á wá tú *. Àwọn oníbàárà rẹ ń gbé fáìlì bíi "CV Bisi.docx" wá. Tí f bá di orúkọ yẹn mú, tí o wá kọ rm $f, gígé yẹn á sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ méjì, rm á sì máa wá CV àti Bisi.docx. Tó bá jẹ́ pé fáìlì ẹlòmíràn ń jẹ́ Bisi.docx lóòótọ́, o ti pa á rẹ́. rm "$f" ni kó o kọ. Mo rí i pé o ti fi àmì yẹn sí "$ero", o káre. Tí àwọn ìyẹn bá parí, Bash á fork, ọmọ á to < àti > sípò, á sì pe púrógíráàmù. Tí o bá fẹ́ fojú rí i, tẹ strace -f -e trace=process bash ka.sh (ka.sh ni mo pe script rẹ). clone lo máa rí níbẹ̀ dípò fork, torí òun ni Linux fi ń ṣe é.

Owó tó o fẹ́ máa ṣírò nínú loop, ṣẹ́ẹ̀lì á ṣe é tó bá jẹ́ náírà láìsí kọ́bọ̀, torí Bash ò mọ nọ́ńbà tó ní ẹ̀sún, bíi 2.5. Tí o bá tún fẹ́ máa pín in sí oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, jẹ́ kí ṣẹ́ẹ̀lì kó fáìlì jọ, kó o wá gbé e fún Python.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù kó o tó lọ dán gbogbo èyí wò. Láti Ubuntu 6.10, ní 2006, /bin/sh kì í ṣe Bash mọ́. dash ni, ìran ash tí Kenneth Almquist kọ ní 1989. Wọ́n yàn án torí ó kéré, ó sì yára nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn. dash ò mọ shopt, kò ní $BASHPID, òfìfo ló máa kọ fún ọ. Kọ #!/bin/bash sí ìlà àkọ́kọ́, fún fáìlì náà láṣẹ pẹ̀lú chmod +x ka.sh, kó o sì pè é ní ./ka.sh. Tí o bá pè é ní sh ka.sh, dash ló máa kà á, ìlà àkọ́kọ́ yẹn ò sì ní jámọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀.